Kóòdù C tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa tó kọ̀ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn: ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwa mélòó kan ní Yábàá la jọ ń tọ́jú láíbírì kan, ìyẹn àkójọ kóòdù tí ètò mìíràn lè yá lò, tí a fi èdè C kọ. Ó ń ka ìwé ọjà, ó ń ṣírò owó, ó sì ń tẹ rìsíìtì. Windows ló wà lórí kọ̀ǹpútà àwọn tó ń lò ó ní Balógun àti Ìdúmọ̀tà. Àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù ń lò ó lórí fóònù Android. Linux ni sẹ́fà tó ń gba àkójọ gbogbo wọn lálaalẹ́, ẹnì kan nínú wa sì ń lo Mac. Kóòdù kan náà ni gbogbo wọn ń lò, àmọ́ ilé tí kóòdù náà ń wọ̀ kì í ṣe ọ̀kan.

Àwọn ìbéèrè tí ẹni tuntun máa ń bi mí ni mo kó jọ síbí, pẹ̀lú àwọn kan tó yẹ kí ẹnì kan ti bi mí kí ìwé owó oníṣòwò kan tó dàrú.

Ẹ̀gbọ́n, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí láptọ́ọ̀pù mi. Ṣé kì í ṣe kọ̀ǹpútà ẹni tó ń ráhùn ló bàjẹ́?

Àbúrò, mo mọ bó ṣe máa ń rí. Ṣùgbọ́n pé ó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ kò ju pé kóòdù rẹ àti kọ̀ǹpáílà rẹ, ètò tó ń sọ kóòdù di ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe, gbọ́ ara wọn yé. Òfin èdè C, láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1989, mọ̀ọ́mọ̀ fi àwọn nǹkan kan sílẹ̀ kí ẹni tó bá ṣe kọ̀ǹpáílà yàn án fúnra rẹ̀: bí int (àyè nọ́ńbà odidi) ti tóbi tó, bóyá char (àyè báìtì kan, tó sábà ń gba lẹ́tà) lè gba nọ́ńbà òdì, báìtì mélòó ni yóò ṣófo láàárín ohun méjì inú struct (àpò tó ń kó oríṣiríṣi iye pọ̀). Ẹ̀rọ ò dọ́gba, wọ́n sì fẹ́ kí C lè ṣiṣẹ́ lórí gbogbo wọn. Tó o bá wá gbára lé ohun tí kọ̀ǹpáílà tìrẹ yàn, o ti bá ẹ̀rọ kan ṣoṣo dá májẹ̀mú láìmọ̀.

Èyí tó tún le jù ni ohun tí òfin náà kò ṣèlérí kankan nípa rẹ̀, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní undefined behaviour. Kí int kún àkúnwọ́sílẹ̀ wà lára rẹ̀. Ẹnì kan nínú wa kọ `if (n + 1 < n)` láti fi mọ̀ bóyá nọ́ńbà ti kún. Ó ṣiṣẹ́ nígbà tí a ń dán an wò. Nígbà tí a fi -O2 sí i kó lè yára, gcc, kọ̀ǹpáílà wa, rò ó pé òfin kò fàyè gba kí int kún, nítorí náà ìbéèrè yẹn kò lè jẹ́ òótọ́ láé, ó sì yọ ọ́ dànù. Kọ̀ǹpáílà kò ṣẹ̀. `if (n == INT_MAX)` ló yẹ ká kọ, ká bi í kí a tó fi ẹyọ kan kún un; INT_MAX ni nọ́ńbà tó ga jù tí int lè gbà.

Kí ló dé tí àpapọ̀ owó fi di òdì lórí Windows, tó sì pé lórí Linux?

Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ń bọ̀ wá bá wa ka èyí lẹ́ẹ̀mejì.

Kọ́bọ̀ la fi ń tọ́jú owó, kò sì sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Inú long, àyè nọ́ńbà odidi mìíràn, la ń kó o sí. Lórí Linux onírúurú tó jẹ́ bíìtì 64, àti lórí Mac, báìtì 8 ni long. Lórí Windows, àní èyí tó jẹ́ bíìtì 64 pàápàá, báìtì 4 ni. Nọ́ńbà tó ga jù tí báìtì 4 lè gbé, bó bá ní òdì, ni 2,147,483,647. Ẹ sọ ọ́ di náírà: ₦21,474,836.47. Iye yẹn kì í ṣe owó ńlá mọ́ fún ẹni tó ń ta aṣọ ní bọ́ńdù-bọ́ńdù ní Balógun.

Ìyá kan tó ń lo iṣẹ́ wa pè mí ní ìparí oṣù, ó ní kọ̀ǹpútà sọ pé òun jẹ ara òun lówó. Owó ọjà rẹ̀ ti kọjá ìlà yẹn, nọ́ńbà náà sì ti ṣẹ́rí padà di òdì. Mo kọjá afárá lọ́jọ́ náà gan-an, mo jókòó ti ìwé tí ó ń fọwọ́ kọ, mo sì tò ó padà ní ìlà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú rẹ̀. Bí kì í bá ṣe pé ó ṣì ń fọwọ́ kọ ìwé, mi ò mọ ibi tí à bá ti bẹ̀rẹ̀. Ó ti gbẹ́kẹ̀ lé wa, àwa la sì kọ long.

Láti 1999 ni èdè C ti ní stdint.h, fáìlì tó ń fún wa ní àyè nọ́ńbà tí ìwọ̀n rẹ̀ kì í yí padà. Ohun tí ẹ bá fẹ́ kó jẹ́ bíìtì 64, ẹ kọ int64_t. Kọ́bọ̀ tí yóò kún inú rẹ̀ yóò tó náírà 92 tí òdo 15 tẹ̀lé. Tí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ má lo %ld, torí long náà lẹ tún padà sí yẹn. PRId64 tó wà nínú inttypes.h ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ sì lo %zu fún size_t (àyè tí C fi ń ka ìwọ̀n nǹkan). Ẹni tó bá ń kó pointer (àdírẹ́ẹ̀sì nǹkan nínú ìrántí kọ̀ǹpútà) sínú long, kó mọ̀ pé ìdajì àdírẹ́ẹ̀sì náà ni yóò ṣẹ́kù lórí Windows bíìtì 64. Inú uintptr_t ni ibùgbé rẹ̀.

Lórí Android, ó ń ka fáìlì láìdúró títí fóònù fi gbóná. Lórí Windows, ó dúró kó tó kà á rárá. Kóòdù kan náà ni!

Ìlà méjì yìí ló ṣe é:

    char c;
    while ((c = fgetc(f)) != EOF)

fgetc, tó ń ka báìtì kan láti inú fáìlì, kì í dá char padà. int ló ń dá padà, kí àyè lè wà fún EOF (àmì pé fáìlì ti tán), tó jẹ́ nọ́ńbà òdì, tó sábà máa ń jẹ́ -1. Lórí x86, irú ẹ̀rọ tó wà nínú kọ̀ǹpútà Windows wọn, char ń gba òdì. Báìtì 255 tó bá wọ inú rẹ̀ yóò di -1, yóò sì jọ EOF. Báìtì 255 gan-an ni àwòrán JPEG fi ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà àmì ṣọ́ọ̀bù tí a fẹ́ tẹ̀ sórí rìsíìtì tán lójú Windows kó tó bẹ̀rẹ̀. Lórí ARM, irú ẹ̀rọ inú fóònù Android, char kì í gba òdì. EOF wọ inú rẹ̀, ó di 255, 255 kò sì lè bá -1 dọ́gba láé, ni kóòdù bá ń yí ká títí bátìrì fi tán. Apple tún wá yàn pé kí char máa gba òdì lórí ARM tiwọn, nítorí náà ẹ má sọ pé "ARM ló fà á" kẹ́ ẹ sì dúró síbẹ̀.

`int c;` ni àtúnṣe rẹ̀. Ẹbí rẹ̀ kan tún wà: isalpha, toupper àti àwọn ojúgbà wọn, tó ń yẹ lẹ́tà wò tàbí tó ń yí i padà, kò fẹ́ nọ́ńbà òdì yàtọ̀ sí EOF. Lẹ́tà tó bá ní àmì, irú tiwa, yóò di òdì níbi tí char bá ti ń gba òdì. Ẹ sọ ọ́ di unsigned char kẹ́ ẹ tó gbé e fún wọn.

gcc àti clang (kọ̀ǹpáílà mìíràn) ní -fsigned-char àti -funsigned-char. Ẹ kọ̀ǹpáílì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lórí láptọ́ọ̀pù kan náà, ọ̀kan pẹ̀lú èyí, ọ̀kan pẹ̀lú ìyẹn. Ẹ ó rí àṣìṣe Android láìra fóònù.

Kí ló dé tí "ọṣẹ" fi wà lẹ́ẹ̀mejì nínú àkójọ ọjà, tí kò sì sí ìyàtọ̀ kankan lójú?

Ó yẹ kí àwa Yorùbá mọ ìdáhùn yìí ju ẹnikẹ́ni lọ, torí ọ̀rọ̀ wa gan-an ni. Lẹ́tà 3 ló wà nínú "ọṣẹ", ṣùgbọ́n strlen, tó ń ka báìtì inú ọ̀rọ̀, yóò sọ pé 9. Ní UTF-8, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń sọ lẹ́tà di báìtì, báìtì 3-3 ni ọ, ṣ àti ẹ. Ẹ gé e ní báìtì 8 kó lè wọ àyè rẹ̀ lórí rìsíìtì, ẹ ti la ẹ sí méjì, ìdọ̀tí sì ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yóò tẹ̀ síbẹ̀.

Ọ̀ràn ti àkójọ ọjà tún jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ. Àwọn bọ́tìnnì ìtẹ̀wé kan ń fi ọ ránṣẹ́ bí àmì ẹyọ kan, U+1ECD (nọ́ńbà rẹ̀ nínú Unicode, àkójọ lẹ́tà gbogbo èdè). Àwọn mìíràn ń fi o lásán ránṣẹ́, kí wọ́n tó fi àmì ìsàlẹ̀, U+0323, tẹ̀ lé e. Báìtì 3 ni méjèèjì. Nítorí náà strlen yóò ní 9 ni "ọṣẹ" méjèèjì, ojú yóò ní ọ̀kan náà ni wọ́n, strcmp, tó ń fi báìtì wé báìtì, nìkan ni yóò sọ pé wọ́n yàtọ̀. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù tẹ ọṣẹ lórí fóònù, ọ̀gá rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ọjà kan di méjì. Tí a bá wá fi àmì ohùn sí i, bíi ti ẹ́, kò sí nọ́ńbà ẹyọ kan fún un nínú Unicode rárá. Báìtì 5 ni, ẹ àti àmì òkè rẹ̀.

A ti gbìyànjú láti máa tún un ṣe níbi tí a bá ti ń fi ọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀. Ibẹ̀ pọ̀ jù, a sì máa ń gbàgbé. Ẹnu ọ̀nà la dúró sí nísinsìnyí: ọ̀rọ̀ tó bá wọlé, láti ibikíbi, utf8proc ń sọ ọ́ di NFC (níbi tí lẹ́tà kan ti ń ní ọ̀nà kan ṣoṣo tí a ń gbà kọ ọ́) kí ohunkóhun tó fọwọ́ kàn án. Láíbírì kékeré tí wọ́n fi C kọ ni utf8proc, kò sì wúwo.

Ẹ má fi wchar_t, àyè lẹ́tà tó fẹ̀ ju char lọ, ṣe ọ̀nà àbáyọ. Báìtì 2 ni lórí Windows, báìtì 4 lórí Linux. Ẹ sì rántí pé fopen, tó ń ṣí fáìlì, kì í sábà lórí Windows ka orúkọ fáìlì bí UTF-8, nítorí náà "ọṣẹ.csv" lè wà níwájú yín kó sọ pé òun ò rí i. A fi _wfopen, tí Windows fi ń ṣí irú fáìlì bẹ́ẹ̀, pamọ́ sínú iwe_open, ọ̀kan lára iṣẹ́ láíbírì wa, fún un; iwe_open ni kẹ́ ẹ máa pè.

Ṣé mi ò lè fi fwrite kọ gbogbo struct sínú fáìlì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Ìlà kan ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Struct tó ní int32_t tí int64_t tẹ̀ lé jẹ́ báìtì 16 lórí Linux bíìtì 64, torí pé kọ̀ǹpáílà fi báìtì 4 sílẹ̀ lófo láàárín wọn. Lórí Linux x86 àtijọ́ tó jẹ́ bíìtì 32, báìtì 12 ni. Fáìlì tí ọ̀kan kọ, èkejì yóò kà á wọ́kuwọ̀ku, kò sì ní sọ fún yín pé òun ti ṣìnà. Àṣẹ #pragma pack yóò lé àlàfo náà lọ, ṣùgbọ́n pointer tó bá ń tọ́ka sí inú irú struct bẹ́ẹ̀ lè wà ní ibi tí ẹ̀rọ kan kò ti lè kà á, ètò yóò sì ṣubú.

Ọ̀rọ̀ ìtòlẹ́sẹẹsẹ báìtì náà tún wà ńbẹ̀. Ẹnì kan lè ka owó láti orí mílíọ̀nù wá sí kọ́bọ̀, kí ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ láti kọ́bọ̀. x86 àti ARM tí a ń lò ń bẹ̀rẹ̀ láti kékeré. Àwọn ẹ̀rọ ńlá IBM tí wọ́n ń pè ní s390x ń bẹ̀rẹ̀ láti ńlá, bẹ́ẹ̀ sì ni ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ kọ báìtì kọ̀ọ̀kan fúnra yín, kò gùn:

    void iwe_put32(unsigned char *p, uint32_t n)
    {
        p[0] = n & 0xFF;
        p[1] = (n >> 8) & 0xFF;
        p[2] = (n >> 16) & 0xFF;
        p[3] = (n >> 24) & 0xFF;
    }

Kóòdù yìí kò bìkítà irú ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá ń kà á padà, ẹ kọ `(uint32_t)p[3] << 24`. Ẹ má yọ uint32_t yẹn kúrò. Láìsí i, int ni p[3] yóò dà, 255 tí a bá sì tì síwájú lọ́nà 24 yóò kún int.

Fáìlì kan náà, Windows kà á dé ìdajì ó ní ó ti tán.

"r" lẹ kọ sínú fopen, "rb" ló yẹ. Bí kò bá sí b, Windows gbà pé ọ̀rọ̀ lásán ni, á máa yí ìparí ìlà padà, á sì ka báìtì 26 sí òpin fáìlì. Lórí Linux, b kò ní ipa kankan, nítorí náà kò sí ìdí láti fi í sílẹ̀.

"Risiti.h" ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Linux ní kò sí nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

risiti.h ni orúkọ fáìlì náà. Windows kì í wo lẹ́tà ńlá àti kékeré, Mac náà kì í wò ó bí wọ́n bá fi sílẹ̀ bó ṣe wá. Linux ń wò ó. Lẹ́tà kékeré nìkan là ń lò, ìlà gbọọrọ tó dà sápá ọ̀tún, /, la sì ń lò nínú include. Windows náà gbà á.

Ẹnì kan láti Àjàṣẹ́, ní ilẹ̀ Benin, sọ pé ₦12.50 ń di ₦12 lọ́dọ̀ òun. Kọ̀ǹpútà wa méjèèjì jọra.

Kọ̀ǹpútà jọra, èdè tí wọ́n tò ó sí ni kò jọra. Faransé ni tirẹ̀. Ètò tó bá pe setlocale(LC_ALL, "") yóò gba àṣà Faransé wọlé, níbi tí kọ́mà ti ń dúró fún ojú ìdá. strtod, tó ń sọ ọ̀rọ̀ di nọ́ńbà, dé ibi àmì ìdánudúró tó wà láàárín 12 àti 50, kò mọ̀ ọ́n, ó dúró. 12 ló gbé padà. printf náà yóò tẹ 12,50 sínú fáìlì, tí àwa ní Èkó yóò wá kà ní tiwa bí nǹkan mìíràn.

Láíbírì wa kì í pe setlocale, torí ètò tó ń lò wá ló ni ìpinnu yẹn. Ṣùgbọ́n ètò náà lè pè é, nítorí náà a kì í lo strtod fún owó mọ́. A ń ka náírà bí nọ́ńbà odidi, a fo àmì, a ka kọ́bọ̀ méjì. Àwọn èèyàn wa tó wà lápá ọ̀hún bodè ń ṣòwò gẹ́gẹ́ bíi tiwa, mi ò sì gbà pé kí owó wọn máa dín nítorí pé Faransé ni wọ́n fi ń ka ojú kọ̀ǹpútà.

Ṣé kí n kàn fi #ifdef _WIN32 (àmì kóòdù tí Windows nìkan yóò lò) sí ibi tó bá ti bàjẹ́?

Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ó sì dé ibi tí ẹnikẹ́ni ò lè ka fáìlì kan tán mọ́ láìdàrú. Ní báyìí, ohun tó bá yàtọ̀ láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ ń gbé inú fáìlì méjì péré: os_win.c fún Windows, àti os_posix.c fún àwọn yòókù. Kóòdù yòókù kò gbọ́dọ̀ mọ ibi tó wà. Bí Windows kò ṣe ní unistd.h, tí kò ní ssize_t, tó ń pe strcasecmp ní _stricmp, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ parí sí.

Ẹ sì máa béèrè ohun tó wà, ẹ má béèrè orúkọ. "Ṣé strlcpy wà?" dára ju "ṣé Linux ni?" lọ. Ọdún 2023 ni glibc, láíbírì C tó wà lórí ọ̀pọ̀ Linux, ṣẹ̀ṣẹ̀ gba strlcpy, tó ń da ọ̀rọ̀ kọ, wọlé, nígbà tí Android ti ní i tipẹ́. Linux sì ni wọ́n jọ wà lé lórí. Musl, láíbírì C mìíràn tó wà nínú Alpine, irú Linux kan, kò tilẹ̀ ní àmì kankan tí kóòdù lè fi dá a mọ̀. Àwọn tó ṣe é ló mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́. CMake, ètò tó ń ṣètò bí a ó ṣe kọ̀ǹpáílì, lè kọ ètò kékeré kan, kó dán an wò, kó sì fún yín lésì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Mo lo free fún ohun tí iwe_ka gbé fún mi, Windows sì ṣubú.

DLL (fáìlì láíbírì Windows) kọ̀ọ̀kan lè ní malloc, tó ń yá àyè ìrántí, àti free, tó ń dá a padà, tirẹ̀ lórí Windows. Ohun tí malloc tiwa yá, free tiyín kò mọ ibi tó ti wá. Ẹ dá a padà fún wa nípasẹ̀ iwe_free. Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kẹ́ ẹ pa FILE*, fáìlì tí láíbírì ṣí, dé fúnra yín.

Bákan náà, a kì í fi inú struct wa han ẹnikẹ́ni nínú fáìlì header (èyí tí ètò mìíràn ń kà láti mọ ohun tó wà nínú láíbírì) mọ́. Lẹ́ẹ̀kan rí, a fi ohun kan kún un, àwọn tí kò kọ̀ǹpáílì ètò wọn padà ṣì ń ya àyè tó kéré sílẹ̀ fún un, a sì ń kọ̀wé kọjá ààlà wọn. Pointer nìkan ni wọ́n ń rí nísinsìnyí.

Ṣé ọ̀rọ̀ 2038 kàn wá?

Ó kàn wá. time_t (àyè tí C ń kó àkókò sí) oníbíìtì 32 yóò kún ní 19 oṣù kìíní 2038, ní aago 4 kọjá ìṣẹ́jú 14 àti ìṣẹ́jú-àáyá 7 ní àárọ̀ ní Èkó. Fóònù Android bíìtì 32 ṣì ń lò ó, wọ́n sì ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù. int64_t la fi ń kọ ọjọ́ sínú fáìlì.

Mi ò ní Windows, mi ò ní Mac, dátà sì wọ́n. Báwo ni mo ṣe fẹ́ dán gbogbo èyí wò?

Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lè ṣe é lórí Linux kan ṣoṣo. Ẹ fi -m32 kọ̀ǹpáílì, kó di ti bíìtì 32. Long yóò di báìtì 4, àṣìṣe owó Balógun yẹn ì bá ti yọjú ní Yábàá. Ẹ fi gcc àti clang ṣe é méjèèjì, torí ohun tí ọ̀kan bá fojú fò, èkejì lè pariwo lé e lórí. Ẹ máa fi -Wall -Wextra -Wconversion sí i, kẹ́ ẹ sì ka ohun tó bá sọ. Ẹ fi -fsanitize=address,undefined sáré ìdánwò; yóò fi ìlà tí int ti kún hàn yín gan-an. MinGW-w64 lè ṣe DLL Windows láti orí Linux, Wine, tó ń sáré ètò Windows lórí Linux, yóò sì gbìyànjú rẹ̀. Fún ẹ̀rọ tó ń to báìtì láti ńlá, qemu-s390x, tó ń ṣe bí ẹ̀rọ IBM náà, yóò sáré ìdánwò wa lórí láptọ́ọ̀pù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń falẹ̀.

Ẹ wa gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì bá dára, kò sí èyí tó nílò dátà lẹ́yìn ìyẹn. Fóònù Android àtijọ́ tí a ń lò, Computer Village ní Ìkẹjà la ti rà á, ojú rẹ̀ ti fọ́, ó sì ti bá wa rí àṣìṣe ju ẹ̀rọ yòókù lọ.

Mo tún un ṣe fún Windows, wọ́n ní mo bà á jẹ́ fún Linux. Ẹ̀gbọ́n, ó ń tì mí lójú.

Má jẹ́ kó tì ẹ́. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tí irú rẹ̀ kò tíì ṣẹlẹ̀ sí. Má pa àtúnṣe rẹ rẹ́, má sì kó àtúnṣe márùn-ún jọ sínú ọ̀kan. Kọ ìdánwò kan tó ń kùnà lórí Windows nìkan kó tó di pé o fọwọ́ kan kóòdù, kí gbogbo wa lè rí ohun tí ìwọ rí. Kọ orúkọ kọ̀ǹpáílà rẹ àti nọ́ńbà rẹ̀, bíìtì mélòó ni, àti nọ́ńbà gan-an tó jáde, kì í ṣe "kò ṣiṣẹ́". Tí àtúnṣe rẹ bá ṣe é tí Linux fi kùnà, wá a wò bóyá ohun tó yẹ kó wà nínú os_win.c lo gbé sáàárín kóòdù gbogbogbòò. Ọ̀pọ̀ ìgbà ibẹ̀ náà ni.

Lẹ́yìn náà, fi ránṣẹ́ sí wa bó ṣe wà, kódà tí kò bá tíì pé. Ẹni tó ń lo Mac nínú wa yóò sáré ìdánwò náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, èmi yóò gbé e lọ sí Ìdúmọ̀tà lọ́jọ́ Sátidé, níbi tí Windows tí àwọn èèyàn ń fi tajà wà.